Fèrè Panápaná Kì í Ṣe Fèrè Gbogbo Ènìyàn
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa ní Òṣòdì)

 

Àwọn ọ̀dọ́ kan láàárín wa ti mú àbá rere wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa yọ̀ǹda ara àwọn láti ran àwọn panápaná lọ́wọ́ nígbàkígbà tí iná bá sọ ní Máfolúkù, ní Ṣógúnlẹ̀, ní Bọládé tàbí ní Ìsọlọ̀. Ọmọ tí ó bá ro irú èrò bẹ́ẹ̀, ọmọ gidi ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú àbá náà tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa kí Ẹgbẹ́ tó yọ owó lé e. Wọ́n fẹ́ kí a ra iná tí ń ṣẹ́jú àti fèrè ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní sáírẹ́ìnì, kí wọ́n fi sí ọkọ̀ ara wọn, kí wọ́n lè tètè dé ibi tí iná ti ń jó.

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ iná kò kàn wá. Ilé fara ti ilé ní àdúgbò wa. Gáàsì àti kẹrosíìnì wà nínú ilé, ẹ̀rọ amúnáwá wà lẹ́nu ọ̀nà, bẹntiróòlù sì wà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọ́n tún ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti ọba ni wọ́n wí. Yàrá kan ṣoṣo tí ayálégbé ń gbé, tàbí ṣọ́ọ̀bù tí ìyá ọlọ́jà kó gbogbo owó àjọ rẹ̀ sí, bí ó bá jó, kò sí ẹwà kankan tí ó bù sí i.

Iṣẹ́ panápaná kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó. Ní 1901 ni a dá a sílẹ̀ lábẹ́ àwọn ọlọ́pàá. Ní 1972 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ní tirẹ̀. Ibùdó panápaná wà ní Bọládé, òmíràn sì wà ní Ìsọlọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀nà jíjìn ni ó máa ń dá wọn dúró bí kò ṣe sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Agége àti ti Apápá sí Òṣòdì. Gbogbo wa ni a ti rí ọkọ̀ panápaná tí ó há sáàárín dánfó àti tírélà, tí ó ń ké tantan, tí ẹnikẹ́ni kò sì yà fún un.

Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé etí wa ti kún. Láti òwúrọ̀ títí di alẹ́ ni à ń gbọ́ fèrè: ọkọ̀ agbówó báńkì ń fọn ọ́n, ọlọ́lá tí ń lọ sí òde ìgbéyàwó ń fọn ọ́n, ọmọkùnrin olówó tí kò ní sùúrù náà ń fọn ọ́n. Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pọ̀lọ́ bá ń sáré lójoojúmọ́, ta ni yóò tún bèèrè ohun tí ń lé e? Ní ìlú àwọn baba wa, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń lu agogo akéde. Bí ọmọdé bá fi ṣeré lónìí, kò sí ẹni tí yóò jáde bí akéde fúnra rẹ̀ bá lù ú lọ́la.

Nítorí èyí ni Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2012 fi ka fèrè bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tí a kò fún láṣẹ. Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, tí ó ṣàkóso láti 2007 sí 2015, kò fi fèrè lé aráyé lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dúró.

Ẹnìkan lè wí pé, “Àwọn ọmọ wa kì í ṣe ajẹgàba, iṣẹ́ àánú ni tiwọn.” A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tí ń bẹ níwájú kò lè fi etí mọ fèrè àánú yàtọ̀ sí fèrè ìgbéraga. Síwájú sí i, bí fèrè méjì bá ń dún ní ìkóríta kan, ẹni tí ó yà fún èkínní lè tún wọ ojú ọ̀nà níwájú èkejì, nítorí ó rò pé ó ti kọjá lọ. Ọkọ̀ ara ẹni kò sì gbé omi. Bí ó bá ṣíwájú ọkọ̀ tí ó gbé omi dé, kí ni yóò fi pa iná?

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí àṣà yìí ti gbilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí ẹni méjì nínú panápaná mẹ́ta ni ó jẹ́ olùyọ̀ǹda ara ẹni. Ní Ìpínlẹ̀ New York, olùyọ̀ǹda lè fi iná aláwọ̀ búlúù sí ọkọ̀ rẹ̀ bí ọ̀gá panápaná bá fún un ní ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ lásán ni iná náà ń bẹ̀. Ẹni tí ó tàn án gbọ́dọ̀ dúró bí iná ojú ọ̀nà bá pọ́n. Ní Jámánì, àwọn olùyọ̀ǹda tó nǹkan bí 1,000,000. Síbẹ̀ wọn kì í fi iná búlúù tàbí fèrè sí ọkọ̀ ara wọn.

A kò lè gbàgbé 27 January 2002, nígbà tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè àwọn sójà ní Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n sá nínú òkùnkùn títí wọ́n fi já sí odò ẹlẹ́rẹ̀ Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀, níbi tí ewéko ti bo ojú omi. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú lọ́jọ́ náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì kú sínú omi náà. Ariwo pọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tí yóò dúró ní ìkóríta, tí yóò wí pé, “Ẹ má gba ibí,” ni kò sí.

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ fi owó fèrè náà ṣe nǹkan wọ̀nyí:

Èkínní, kí a mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ géètì òpópónà kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru. Àgádágodo tí a fi lé olè ni ó ń lé panápaná náà. Kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹni méjì ó kéré tán.

Èkejì, kí a yan olùyọ̀ǹda sí òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ wọn sì jẹ́ ọkọ̀ wọn. Kí ẹnìkan pe 767 tàbí 112, kí ẹnìkan dúró ní ìkóríta láti fi ọ̀nà han ọkọ̀ panápaná, kí àwọn yòókù kó ọmọdé àti arúgbó jáde.

Ẹ̀kẹta, kí a ra garawa iyanrìn àti ohun èlò pípaná tí a ń gbé lọ́wọ́, kí a sì bẹ àwọn panápaná láti wá kọ́ wa bí a ti ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé a kì í da omi sí epo tí ń jó.

Ẹ̀kẹrin, kí a kó àtẹ àti ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́ kúrò ní ẹnu òpópónà, nítorí ọkọ̀ panápaná kò lè fò kọjá lórí wọn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe gbá àwọn panápaná létí nígbà tí wọ́n bá pẹ́ dé. Àwa tí a kò yà fún wọn ni a dá wọn dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì. Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe ni a fẹ́ kí ẹ ṣe. Ohun èlò rẹ̀ nìkan ni a ní kí ẹ pààrọ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ wà níhìn-ín, nígbà tí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ pupa náà, ẹ yà. Ó lè jẹ́ ilé yín ni ó ń sáré lọ.