Bí Ẹni Méjì Bá Jọ Ni Ilẹ̀ Oko

Púpọ̀ nínú wa ni ó ti dáwó jọ ra ilẹ̀: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tọkọtaya, ọ̀rẹ́ méjì. A kì í sáàbà bi ara wa pé, bí ọ̀kan bá kú, ta ni yóò ni ín?

Oríṣi méjì ni òfin mọ̀. Ní ti èkínní, àwọn méjèèjì ni ó ni gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí apá kan pé tèmi nìyí. Bí ọ̀kan bá kú, gbogbo rẹ̀ di ti ẹni tí ó kù láyé. Àwọn ọmọ òkú kò ní ìpín níbẹ̀, ìwé ìhágún kò sì lè yí i padà. Ní ti èkejì, olúkúlùkù ní ìpín tirẹ̀, bí a kò tilẹ̀ tíì wọn ilẹ̀, ìpín òkú sì di ti àwọn àjogún rẹ̀. Tọkọtaya lè fẹ́ èkínní. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ méjì tí olúkúlùkù bímọ, kí ni wọ́n fẹ́ fi í ṣe? Ohun tí lọ́yà bá kọ sínú ìwé ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kà á fún yín kí ẹ tó tẹ̀ka.

Ogún bàbá tí kò ṣe ìwé ìhágún tún yàtọ̀: ti gbogbo ọmọ ni. Nínú ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, ọkùnrin kan ní Èkó fi aya 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ẹjọ́ náà dé London, ní 1962 wọ́n sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ìdí-igi ni kí a fi pín in, ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ àṣà wa, opó kì í jogún ọkọ. Nítorí náà, ìyàwó tí ó bá dá owó sí ilẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé.

Èyí tí ó kan àwa tí a jìnnà sílé jù ni abala 24 nínú Òfin Ilẹ̀ ti 1978. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ ìbílẹ̀ ni a fi gba ilẹ̀, àṣà ibi tí ilẹ̀ wà ni a ó fi pín in, àfi bí òfin tàbí àṣà mìíràn bá bá a mu. Bí ó bá jẹ́ àṣẹ gómìnà, àṣà ilẹ̀ baba òkú ni. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ gé e sí wẹ́wẹ́ láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà.

Ilẹ̀ tí ìjọba pín fún wa nínú ètò oko yìí ńkọ́? Ìwé tí a tẹ̀ka sí ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí ó lè má fún wa ju àyè àtiro oko lọ. Ẹ mú tiyín wá sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.