ÌDÍJE ÌMỌ̀ LÁÀÁRÍN ILÉ-Ẹ̀KỌ́ GÍRÁMÀ: BÍ A Ó ṢE PÍN ÌBÉÈRÈ KÍ Ó LÈ BÁ ÒDODO MU

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé ìmúrasílẹ̀ fún ìdíje ilé-ẹ̀kọ́, ní Ìkòtún, Alímòṣọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó



 

Ẹ ti pinnu pé ẹ ó pe àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà tí ó wà ní Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò jọ sí ojú kan, kí wọ́n wá fi ìmọ̀ dán ara wọn wò. Ìpinnu rere ni. Wọ́n sì ní kí n wá sọ bí a ó ṣe pín àwọn ẹ̀kọ́ inú ìdíje náà. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí ẹni tí kò ṣe é rí. Ṣùgbọ́n èmi tí ó ti ṣe é tí ó sì ti ṣì í ṣe mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni òdodo tàbí ìrẹ́jẹ ti ń wọlé. Nítorí náà, àṣìṣe tèmi ni n ó kọ́kọ́ sọ fún yín.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ní kí èmi nìkan kọ ìbéèrè fún irú ìdíje báyìí ní agbègbè wa. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ méjì, mo kọ 40 ìbéèrè, inú mi sì dùn pé iṣẹ́ ti parí. N kò kà wọ́n láti mọ iye tí ó jẹ́ ti ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí ìdíje parí ni mo tó kà á: kẹ́mísírì 13, ìṣirò 8, físíìsì 7, báólọ́jì 4, èdè Gẹ̀ẹ́sì 4, ẹ̀kọ́ ìjọba 2, jọ́gíráfì 2. Ètò ọrọ̀-ajé kò ní ẹyọ kan. Akáúǹtì, lítíréṣọ̀, ìtàn àti Yorùbá kò ní rárá. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí a kọ sára pátákó níwájú gbọ̀ngàn ni “Ìdíje Ìmọ̀ Gbogbogbò”.

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn tí ó ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan. Olùkọ́ rẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ẹni tí ó mọ ètò ọrọ̀-ajé tó o ní kíláàsì wọn. Ó jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò la ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a ń kó àga, ó wá bá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ẹ̀kọ́ tí àwa ń kọ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni?” N kò rí èsì fún un. Mo ní kí ó máa lọ, pé yóò dára nígbà mìíràn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè rẹ́ ọmọ ọlọ́mọ jẹ láìní in lọ́kàn, kí ó sì jẹ́ pé àìkà á ni ó fà á.

ORÚKỌ KÍ Ó BÁ ÌWÀ MU

Ẹnì kan lè sọ pé, “Àwọn ìdíje ńlá ńkọ́, tí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ kan tàbí méjì ni wọ́n ń béèrè?” Òtítọ́ ni. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gírámà, tí wọ́n ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, tí gbogbo ìlú fi ń dá dúró wò ó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Marian Ewurama Addy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Ghana, ni ó kọ́kọ́ ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n ń béèrè: ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì àti báólọ́jì. Ní Èkó níbí, láti ọdún 2001 ni ìdíje sípẹ́lì ti wà, èyí tí ọmọ tí ó bá gba ipò kìíní máa ń jókòó sórí àga gómìnà fún ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń ní kí àwọn ọmọ sípẹ́lì.

Kò sí ẹni tí yóò bá àwọn wọ̀nyí jà, nítorí pé orúkọ ìdíje wọn ti sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò mọ físíìsì kò ní lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ “gbogbogbò” sára pátákó ti ṣe àdéhùn. Bí a bá pe ọmọ sáyẹ́ǹsì, ọmọ áàtì àti ọmọ kọ́máṣà síbi àsè kan náà, oúnjẹ gbọ́dọ̀ kárí wọn.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìdíje yìí ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe é ni ó ń kọ ìpín kalẹ̀ kí wọ́n tó kọ ìbéèrè ẹyọ kan. Nínú 20 ìbéèrè, wọn a ní kí lítíréṣọ̀ gba 4, kí ìtàn gba 4, kí sáyẹ́ǹsì gba 4, kí wọ́n sì pín ìyókù fún àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Ìpín ni ó ń ṣáájú, ìbéèrè ni ó ń tẹ̀lé e. Èmi ti kọ ìbéèrè tán kí n tó ronú ìpín, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ṣìnà.

ÌPÍN TÍ MO MÚ WÁ

Ohun tí mo rò pé ó bá ilé-ẹ̀kọ́ tiwa mu nìyí, fún 40 ìbéèrè nínú ìfigagbága kọ̀ọ̀kan:

1. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ ń kọ́: ìṣirò 4, èdè Gẹ̀ẹ́sì 4. Àpapọ̀ 8.

2. Ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì: físíìsì 3, kẹ́mísírì 3, báólọ́jì 3. Àpapọ̀ 9.

3. Ẹ̀ka áàtì: lítíréṣọ̀ 3, ẹ̀kọ́ ìjọba 3, ìtàn 3. Àpapọ̀ 9.

4. Ẹ̀ka kọ́máṣà: ètò ọrọ̀-ajé 3, akáúǹtì 3, kọ́mọ́ọ̀sì 3. Àpapọ̀ 9.

5. Ìyókù: Yorùbá 2, jọ́gíráfì 2, ọ̀rọ̀ ìlú àti ìròyìn 1. Àpapọ̀ 5.

Ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba. Kí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọmọ mẹ́rin wá: ọ̀kan láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kẹrin jẹ́ ẹni tí ó wù wọ́n. Nípa báyìí, kò sí ọmọ tí yóò wá jókòó lásán.

Ẹ lè bi mí pé kí ni Yorùbá ń ṣe níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ Íbò, Haúsá àti Ẹ̀gùn kún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ní ọdún 2018 pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi òwe ìjìnlẹ̀ tí àgbà ilé nìkan mọ̀ dẹ pańpẹ́ fún wọn. Inú ohun tí a kọ́ wọn ní kíláàsì ni kí ẹ ti béèrè.

IYE NÌKAN KỌ́ NI ÌDỌ́GBA

Bí iye bá dọ́gba tí ìwúwo kò dọ́gba, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Bí ìbéèrè mẹ́ta orí físíìsì bá le bí òkúta, tí mẹ́ta orí ẹ̀kọ́ ìjọba sì rọ̀ bí ẹ̀kọ, ọmọ sáyẹ́ǹsì ni a rẹ́ jẹ. Nítorí náà ni mo ṣe fi 3 sí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀ka: ọ̀kan kí ó rọrùn, ọ̀kan kí ó wà láàárín, ọ̀kan kí ó le.

Àkókò náà ńkọ́? Ọmọ lè dárúkọ olú-ìlú ìpínlẹ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10. Kò lè ṣe ìṣirò onílà mẹ́ta láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ìbéèrè tí ó ní ìṣirò nínú ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ní ìwé àti bírò.

Ẹ tún wo bí ẹ ó ṣe tò ó. Bí sáyẹ́ǹsì bá ṣáájú tán pátápátá, ilé-ẹ̀kọ́ kan lè ti jìnnà ṣíwájú kí ọmọ áàtì tó gbọ́ ìbéèrè tirẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò sì ti rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ pín 40 náà sí ọ̀nà mẹ́rin, 10-10. Kí 10 kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò 1, Gẹ̀ẹ́sì 1, méjì-méjì láti ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì fi méjì kún un láti inú ìyókù.

TA NI YÓÒ KỌ ÌBÉÈRÈ, TA NI YÓÒ YẸ̀ Ẹ́ WÒ?

Ẹ má gbé e lé ẹnì kan lọ́wọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ 16 bá wá, tí mẹ́rin-mẹ́rin ń figagbága, ìfigagbága mẹ́rin ni ẹ ó ṣe, kí àwọn mẹ́rin tí ó borí tó pàdé nínú ìkarùn-ún tí ó jẹ́ àṣekágbá. Ìbéèrè 200 nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí ó ní 3 yóò nílò 15. Bí olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà bá kọ 20, 5 yóò ṣẹ́ kù fún ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ méjì bá gba máàkì kan náà. Iṣẹ́ náà kò ní wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà nínú ìdíje kò gbọdọ̀ kọ ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ rí i. Kí ẹlòmíràn yẹ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò bóyá ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ní. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan láti ilé. Bí ẹ bá béèrè pé, “Ìjọba ìbílẹ̀ mélòó ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó?” ọmọ kan yóò dáhùn pé 20, òmíràn yóò ní 57, àwọn méjèèjì yóò sì rí ẹ̀rí. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ka 20. Ní ọdún 2003 ni ìjọba ìpínlẹ̀ fi agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún un. Alímòṣọ́ tiwa náà ti di mẹ́fà: Alímòṣọ́ fúnra rẹ̀, Agbádó/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀/Ìpájà, Ẹ̀gbẹ/Ìdímù, Ìgándò/Ìkòtún àti Mọ́sàn/Òkúnọlá. Bí ẹ bá fẹ́ 20, ẹ sọ pé “gẹ́gẹ́ bí òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ti kà á”. Gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn.

Ọ̀RỌ̀ Ẹ̀KỌ́ Ẹ̀SÌN

Mo gbọ́ pé àwọn kan láàárín wa fẹ́ kí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù gba 10 nínú 40, nítorí pé àwa ni a gbé ìdíje kalẹ̀. Mo mọ ìfẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni a kọ ìwé sí. Ọmọ Krìstẹ́nì ń kọ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní kíláàsì, tiwa ń kọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Bí a bá bi í ní ohun tí a kò kọ́ ọ, tí a wá fi ṣẹ́gun rẹ̀, èrè wo ni ẹ̀sìn jẹ níbẹ̀? Yóò padà sílé lọ sọ fún bàbá rẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí pe òun wá kí wọ́n lè rẹ́ òun jẹ. Bí ó bá sì jẹ́ pé a wọ̀n ọ́n fún un ní òṣùwọ̀n pípé, ìyẹn gan-an ni wàásù tí yóò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdíje ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù lọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ wa ní ọjọ́ mìíràn, kí orúkọ rẹ̀ sì hàn lára pátákó rẹ̀.

OWÓ ÀTI Ẹ̀BÙN

Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ti kan ìdíje yìí ní tààrà ni owó. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan bá san owó ìforúkọsílẹ̀, tí a wá kó owó náà jọ fún ẹni tí ó borí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ni ó kà á sí ohun tí ó jọ tẹ́tẹ́: olúkúlùkù fi owó sílẹ̀, ẹnì kan kó o lọ. Kí ẹ̀bùn ti ọwọ́ ẹlòmíràn wá, yálà ẹgbẹ́ tàbí olóore kan. Mo tilẹ̀ rọ̀ yín pé kí ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lè san án. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ọmọ pọ̀ bí eéṣú nínú kíláàsì lè tìtorí rẹ̀ má wá. Ìwé kíkà ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn, kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó gbẹ́yìn pàápàá rí nǹkan mú lọ.

ỌJỌ́ NÁÀ GAN-AN

Ẹ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù méjì ṣáájú, kí ẹ fi tó Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ Kìíní létí, èyí tí ó ń bójú tó Alímòṣọ́, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè, kí ẹ sì fi ìpín ẹ̀kọ́ sínú ìwé náà kí olúkúlùkù lè múra sílẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ó dára jù. Ẹ rántí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ tí ó wà ní oríta Ìkòtún àti ní ọ̀nà Ìgándò; ẹ ní kí wọ́n dé ní aago mẹ́jọ, kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án, kí àsìkò ìrun Àílà má bàa ká wa mọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná ìjọba: agogo ọlọ́wọ́ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó láti fi hàn pé wọ́n fẹ́ dáhùn. Kí ẹnì kan máa béèrè, kí ẹnì kan máa wo aago, kí ẹni méjì máa kọ máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí adájọ́ mẹ́ta sì jókòó. Bí adájọ́ bá ṣàṣìṣe, kí ó gbà bẹ́ẹ̀ ní gbangba.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, 1,277,714 ènìyàn ni wọ́n kà ní Alímòṣọ́. Ọmọ tí ó wà láàárín wọn tí a kò tíì bi ní ohun tí ó mọ̀ rí kò níye. N kò tíì rí ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí ẹ bá pín ìbéèrè yín dáadáa, ẹ ti bá mi fún un ní èsì.

Mo bẹ Allāhu kí Ó fi òdodo sí iṣẹ́ yín, kí Ó dárí àṣìṣe wa jì wá, kí Ó sì fi ìmọ̀ tí ó wúlò ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Āmīn.