Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru àti Ọwọ́ Tó Ń Tutù
Àwọn kan tó ń lo beta blocker fún ẹ̀jẹ̀ ríru, irú bí atenolol àti propranolol, máa ń ráhùn pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ń tutù, wọ́n sì gbà pé oògùn náà ń dá ẹ̀jẹ̀ àwọn dúró. Kò rí bẹ́ẹ̀. Adrenaline tó máa ń mú ọkàn sáré ni oògùn náà ń dènà: ọkàn á wá máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde níṣẹ̀ẹ́jú kan á dínkù, kíndìnrín náà á sì dín renin tó ń ti ìfúnpá sókè kù. Òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú ìka lè fún pọ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni òtútù ti ń wá.

Ṣé ká wá pa oògùn náà tì ni? Ó tì o! Ẹni tó bá dá a dúró lójijì, ọkàn rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kíkankíkan, àyà sì lè máa dùn ún. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọminú bóyá oògùn yìí bá àwọn mu lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lápá kan. Renin ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú ti kéré tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tí beta blocker nìkan kì í fi sábà kápá ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tó amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Bí dókítà ní ilé ìwòsàn Komfo Anokye bá ṣì kọ beta blocker fún yín, ó lè jẹ́ nítorí ọkàn tó ti rẹ̀. Ẹ bi í, kí ẹni tó ní ikọ́ fée sì tètè sọ fún un, torí oògùn náà lè má bá a mu.