Bí Wọ́n Bá Ti Gé Lára Ìfun, Tí Ìgbẹ́ Gbuuru Kò Sì Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan bá wa sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́. A tẹ̀ ẹ́ jáde nítorí àwọn tí kò ráyè wá.)

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni Ìyálọ́jà ní kí n wá sọ, ṣùgbọ́n mo tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn pé kí n sọ èyí tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ sọ sétí ara wọn. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Wọ́n á gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n á gé lára ìfun rẹ̀, wọ́n á sì rán èyí tó kù pọ̀. Ojú ọgbẹ́ á jinná, gbogbo wa á dúpẹ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ẹni yìí ṣì ń sáré lọ ṣe gáà lẹ́ẹ̀mẹfà, lẹ́ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Oníbàárà á dé, kò ní bá a ní ìsọ̀. Kó lè ráyè tajà, kò ní fi oúnjẹ kan ẹnu láti àárọ̀, alẹ́ ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀ pọ̀, òru ni yóò wá fi sáré. Ó ń rù. Àwọn kan á máa sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé àrùn ìgbàlódé ni. Nígbà tó bá yá, òun náà á palẹ̀ ọjà mọ́, á jókòó sílé. Iṣẹ́ abẹ tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là ti fẹ́ gba ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ irú ìgbẹ́ yìí ló ṣeé dín kù o, ṣùgbọ́n ohun tí a máa ń ṣe fún inú tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ló sábà máa ń mú tirẹ̀ burú sí i.

Kí ló ń mú kí wọ́n gé ìfun? Ní ilẹ̀ wa níbí, ibà jẹ̀funjẹ̀fun wà lára rẹ̀, èyí tí ẹ̀ ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Orúkọ rẹ̀ ti sọ iṣẹ́ rẹ̀. Tí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè dá ihò sí ìfun, ìparí ìfun kékeré ló sì máa ń dá a sí jù. Ìpá tó há náà wà ńbẹ̀, ìfun tó lọ́ wà ńbẹ̀, jẹjẹrẹ ìfun wà ńbẹ̀. Ìfun kékeré àgbàlagbà gùn tó bíi mítà 6, ó lè dín, ó lè lé, nítorí náà bí wọ́n bá gé díẹ̀ nínú rẹ̀, èyí tó kù lè kọ́ iṣẹ́ náà. Ó máa ń tó ọdún kan sí méjì kó tó kọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gé ṣe pàtàkì ju bó ṣe gùn tó lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta mínírà onígò, ẹ fetí sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ á fún yín ní ìgò tó kún, ẹ̀yin á dá òfìfo padà, wọ́n á tún rọ ọ́ kún. Bẹ́ẹ̀ ni òróòro inú wa ṣe rí. Ẹ̀dọ̀ ń dà á sínú ìfun kó lè bá wa yọ́ ọ̀rá inú oúnjẹ, ìparí ìfun kékeré ló sì ń kó o padà fún ẹ̀dọ̀ kó tún un lò. Tí wọ́n bá ti gé ibẹ̀, kò sí ẹni tó máa dá ìgò padà mọ́. Òróòro á ṣàn wọ inú ìfun ńlá, á máa ta á, ìfun ńlá á sì máa tú omi jáde. Ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ náà fi máa ń dà bí omi, tó sì máa ń lé èèyàn kété tó bá jẹun tán.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kó béèrè ìwé lọ́wọ́ dókítà kó tó kúrò ní ọsibítù: ibo ni wọ́n gé, báwo ló ṣe gùn tó, ṣé ìfun ńlá ṣì wà? Kó tọ́jú ìwé náà bí ó ṣe ń tọ́jú ìwé ìsọ̀ rẹ̀. Dókítà míì tó bá máa wò ó lọ́la, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin ẹlẹ́wé ọmọ, ẹ má bínú sí mi, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín. Tí inú bá ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ohun tí a máa ń sọ ni pé jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí á fọ̀ ọ́ dànù. Wọ́n á ra àgbo jẹ̀dí, wọ́n á ra ọpá ẹ̀yìn. Àsùnwọ̀n sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ irú àgbo bẹ́ẹ̀. Àsùnwọ̀n kì í ṣe ewé burúkú, ilé ìwòsàn pàápàá ń lo ìbátan rẹ̀ fún ẹni tí kò lè yàgbẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lé ìgbẹ́ jáde. Ẹni tí ìgbẹ́ ti ń lé kiri tẹ́lẹ̀, tí ìfun rẹ̀ sì ti kúrú, ẹ tún fún un ní ohun tó ń lé ìgbẹ́? Omi ara rẹ̀ àti iyọ̀ ara rẹ̀ ló máa bá a lọ, kíndìnrín lè bàjẹ́ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọtí ṣe tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ńbà NAFDAC tẹ́ ẹ bá rí lára ìgò kò tíì yanjú ọ̀rọ̀: ẹ ka ìwé ara rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò sàn wò. Mi ò ní kẹ́ ẹ má tajà yín o. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kẹ́ ẹ tó bu àgbo fún èèyàn, ẹ bi í pé, “Ṣé wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú fún yín rí?” Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má tà á fún un.

Flagyl náà ńkọ́? Gbogbo wa la ní in nínú báàgì. Flagyl ń pa irú kòkòrò kan, kì í dá òróòro dúró. Ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́ láìṣe àyẹ̀wò kàn ń náwó ni, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè máa ta á tó bá lò ó pẹ́.

Oògùn tó wà fún un nìyí. Àkọ́kọ́ ni loperamide, tí àwọn kan mọ̀ sí Imodium. Ó ń mú kí ìfun rọra rìn, kí oúnjẹ lè pẹ́ nínú rẹ̀ kí ara rí nǹkan fà nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò ni pé wọ́n á dúró dìgbà tí ìgbẹ́ bá dé kí wọ́n tó gbé e mì. Fún ẹni tí wọ́n ti gé ìfun rẹ̀, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kó tó jẹun ló yẹ kó lò ó. Iye tí dókítà bá kọ ni kó lò. Ní 2016, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé àlòjù rẹ̀ ń da ìlù ọkàn rú, àwọn kan sì ti bá a lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà bá wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ lọ rí dókítà.

Èkejì ni cholestyramine. Ìyẹ̀fun ni, wọ́n ń po ó mọ́ omi mu. Òun ló ń di òróòro mú kó má baà ta ìfun ńlá. Kì í ṣe gbogbo kẹ́mísì ló ń tà á, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá lára mu: ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀ púpọ̀, ó lè sọ ìgbẹ́ rẹ̀ di ọlọ́ràá. Ó tún máa ń di oògùn mìíràn mú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lò ó ní wákàtí kan ṣáájú rẹ̀, tàbí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ku omi, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹni tí ìfun rẹ̀ kúrú, tó wá da píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa tú jáde ni, á tún kó iyọ̀ ara dání lọ. Mínírà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ṣúgà rẹ̀ pọ̀. Mọ́ọ̀tì àti mílíkì tí a máa ń kó lọ kí aláìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Ṣúgà mọ́ọ̀tì ń tú ìgbẹ́, inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa kò sì gba mílíkì. Gààrí tútù tí wọ́n da omi púpọ̀ àti ṣúgà sí náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ ẹ̀bà dípò rẹ̀.

ORS ni kó máa mu. Ẹ̀yà kan ń wọ inú lítà omi kan, ìyẹn píọ̀ wọ́tà méjì tí wọ́n bá kọ 50cl sí i lára. Tí kò bá sí ORS, ẹ da ṣíbí ìpotíì 6 ṣúgà tó tẹ́jú àti ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀ sínú lítà omi kan tó mọ́. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ lé o. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, kì í ṣe nígbà oúnjẹ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó kọ́kọ́ fi tó dókítà létí.

Tí oúnjẹ bá kàn, ohun tó wà nínú ọjà yìí náà tó. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n dára púpọ̀, ẹ sè é, tàbí kẹ́ ẹ fi èlùbọ́ rẹ̀ ro àmàlà. Ní 2001, àwọn oníwàádìí ní Bangladesh fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tútù tí wọ́n sè bọ́ àwọn ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́, ìgbẹ́ wọn sì dín kù. Àwọn ọmọ ni ìyẹn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n gé ìfun rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yéni: apá kan rẹ̀ ń dé ìfun ńlá láìdà, ohun tó ń di níbẹ̀ sì ń ran ìfun lọ́wọ́ láti fa omi àti iyọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ìfun ńlá sílẹ̀ fún ló máa jẹ àǹfààní yìí. Ìrẹsì funfun, iṣu, ẹ̀kọ líle, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n bó ẹ̀wà rẹ̀ dáadáa, ẹja, gbogbo rẹ̀ ló dára. Kó dín epo àti ata kù, kó fi ẹ̀pà àti àgbàdo sísun sílẹ̀ ná. Kó jẹ díẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún dípò kó fi ebi pa ara rẹ̀ dalẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ mu omi ewé gúáfà, kó sè é fúnra rẹ̀, láìfi ọtí sí i, kó sì sọ fún dókítà rẹ̀. Kó má fi rọ́pò oògùn.

Ohun kan tún wà tó ń fara pamọ́. Ìparí ìfun kékeré yẹn náà ló ń gba fítámì B12 sínú ara. Ẹ̀dọ̀ ní èyí tó kó pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, nítorí náà ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó tán. Nígbà náà ni ara á máa rẹni, ahọ́n á máa ta, ẹsẹ̀ á máa ṣe bíi pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀. Blood tonic kò lè tán an. Abẹ́rẹ́ B12 ni, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ títí ayé.

Tí ìgbẹ́ bá dúró lójijì, tí inú wú, tí èébì sì ń bọ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má lo loperamide. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí kò bá tọ̀ láti àárọ̀, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ.

Mo ti bá Ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ ilé ìyàgbẹ́ tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́. Wọ́n ti gbà pé kí ẹni tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ ìfun fún ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, láìsan owó, kí aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ sì máa bá a dá oníbàárà dúró. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló máa fún un, kò pọn dandan kó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Èmi náà máa jókòó sí yàrá ẹgbẹ́ títí di aago mẹ́rin, ẹni tó bá ní ìbéèrè tí kò fẹ́ bi níwájú èrò, kó wá bá mi níbẹ̀. Ẹ mú ìwé ọsibítù yín dání.