Ṣọ́ọ̀kì Tí Ó Ti Gbó: Bí A Ṣe Lè Pààrọ̀ Rẹ̀ Fúnra Wa

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ sọ fún àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní Òṣogbo

Ẹ rántí pé ẹ̀kọ́ ni ìlànà karùn-ún nínú ìlànà méje tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé fi ọwọ́ sí ní ọdún 1995. Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe ti ìwé owó nìkan. Ohunkóhun tí ó bá ń jẹ owó ọmọ ẹgbẹ́, ó yẹ kí a jọ kọ́ nípa rẹ̀.

Ọ̀kan nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀. Ènìyàn á ra táyà tuntun, kò ní pẹ́ tí táyà náà yóò fi jẹ ní ọ̀gbun-ọ̀gbun. Á tún wá yá owó láti ra òmíràn, kò sì mọ̀ pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń jẹ táyà náà. Ẹ mọ àwọn baba wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí a ń pè ní òṣómàáló. Wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn yóò fi pé. Òṣómàáló ni ṣọ́ọ̀kì tí ó gbó. Bí a kò bá fún un ní tirẹ̀, yóò gbà á lára táyà, yóò gbà á lára búṣì, ìgbà mìíràn a sì gbà á lára ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń ru ọkọ̀. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, sípíríǹgì á súnkì, á sì tún na padà. Bí kò bá sí ohun tí yóò dá a dúró, yóò máa lọ sókè sódò bí bọ́ọ̀lù. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń dá a dúró. Àgbá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá dídán kan ń wọlé, ó ń jáde, ihò wẹ́wẹ́ sì wà ní orí ọ̀pá náà nínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì kò lè sáré gba ihò kékeré kọjá, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń rọra balẹ̀. Bí eruku pupa bá ha ọ̀pá náà, tí rọ́bà ẹnu àgbá sì ya, ọ́ìlì á jò tán. Ṣọ́ọ̀kì ti kú nìyẹn, bí ó tilẹ̀ ṣì wà lára ọkọ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbádùn ìdí nìkan. Táyà tí kò bá tẹ ilẹ̀ dáradára kò lè mú ọkọ̀ dúró. Bíréèkì lè dára, táyà lè jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n bí táyà bá ń fò lórí ilẹ̀, ọkọ̀ yóò kọjá ibi tí ó yẹ kí ó ti dúró.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà wa. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen ní Èkó, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot ní Kàdúná. Ṣọ́ọ̀kì Volkswagen ìjàpá àtijọ́ dá dúró lọ́tọ̀, pípààrọ̀ rẹ̀ kò sì le. Oríṣi kejì ni èyí tí sípíríǹgì wé mọ́ ṣọ́ọ̀kì, tí méjèèjì di ọ̀pá kan ṣoṣo tí ó ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ dúró. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ni ó gbé e kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ Ford fi í sára Consul ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Peugeot 504 lò ó níwájú. Toyota Corolla àti Camry tí ó kún ìgboro lónìí ń lò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì onílẹ̀kùn méjì bíi Toyota Celica tí àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti gbó? Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí ó bá gòkè, tí ó sọ̀kalẹ̀, tí ó sì dúró, ó dára. Bí ó bá ń mì ṣáá, ó ti ń lọ. Ẹ wò bóyá ọ́ìlì ti rin ara àgbá. Ẹ fi ọwọ́ pa ojú táyà bóyá ó jẹ ní ibì kan ju ibòmíràn lọ. Bí imú ọkọ̀ bá ń wólẹ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, àmì ni ìyẹn pẹ̀lú. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Kí a tó fi ọwọ́ kan sípánà, ìkìlọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́. Ní abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní orí ọ̀pá náà, nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́ta ni ó yí nọ́ọ̀tì ńlá kan ká lára ọ̀pọ̀ Toyota. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín yẹn ni ó de sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá tú u láìtíì fún sípíríǹgì pọ̀, sípíríǹgì náà yóò ta jáde bí ìbọn. Ó lè fọ́ àgbọ̀n, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe fi okùn tàbí wáyà di í dípò irin tí a ṣe fún iṣẹ́ náà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ lára Toyota tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ iwájú nìyí. Ti Peugeot 504 ní ọ̀nà tirẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Èkíní: Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú tí ó le. Ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà díẹ̀ kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Ẹ gbé ọkọ̀ lé ẹsẹ̀ irin, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, nítorí búlọ́ọ̀kù lè fọ́ lójijì.

Èkejì: Ẹ yọ táyà. Ẹ tú rọ́bà bíréèkì àti wáyà tí ó bá wà lára ṣọ́ọ̀kì.

Ẹ̀kẹta: Bóòtì ńlá méjì ni ó dè é mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí wọ́n dúró sí kí ẹ tó tú wọn. Ẹ fi wáyà so ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà rọ̀, kí ó má baà fa rọ́bà bíréèkì ya.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ di ṣọ́ọ̀kì mú, kí ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré mẹ́ta tí ó wà lókè. Gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ yín. Ẹ kò tíì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àárín o.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ fi irin méjì tí a fi ń fún sípíríǹgì kọ́ ọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ó kọjú sí ara wọn. Ẹ yí èyí díẹ̀, kí ẹ yí èkejì díẹ̀, títí sípíríǹgì yóò fi mì lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ojú sí orí rẹ̀. Nígbà náà ni ẹ tó lè tú nọ́ọ̀tì àárín.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ gbé ṣọ́ọ̀kì tuntun nàró, kí ẹ fà á, kí ẹ tì í, ní ìgbà díẹ̀, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mú di ọ̀pá dídán náà mú, ojú ọgbẹ́ kékeré ni ọ́ìlì yóò gbà jò. Bí rọ́bà orí rẹ̀ bá ti ya, ẹ ra tuntun. Ẹ rí i pé ẹnu sípíríǹgì jókòó sí àyè rẹ̀, kí ẹ de nọ́ọ̀tì àárín, kí ẹ sì rọra tú irin méjèèjì bákan náà.

Èkeje: Ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà bí ẹ ṣe tú u. Bí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ṣe yẹ kí ó le tó wà nínú ìwé ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà yóò tún jẹ.

Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì. Bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní sípọ́ọ̀tì, ẹ má ṣe gé sípíríǹgì nítorí kí ọkọ̀ lè balẹ̀. Yóò máa gbá abẹ́ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ní gbogbo kòtò, ṣọ́ọ̀kì tuntun kò sì ní pẹ́ kú. Ní ti tòkunbọ̀, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ iye ọjọ́ tí ó kù fún rọ́bà inú rẹ̀. Bí agbára bá ká a, tuntun ni kí a rà.

A kò sọ èyí láti gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì. Ọmọ ẹgbẹ́ wa ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí kò fẹ́ fi ọwọ́ kan sípánà pàápàá yóò mọ ohun tí ó yẹ kí ó rí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ti ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí a wá bẹ̀ yín fún nìyí. Irin tí a fi ń fún sípíríǹgì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́, àìní rẹ̀ sì ni ó ń mú àwọn ènìyàn lo okùn. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ra ojúlówó kan, kí ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé, kí a máa kọ orúkọ ẹni tí ó bá yá a sínú ìwé. Kí ó má ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì dá nìkan ṣe é. Kí àwọn tí irú ọkọ̀ wọn bá dọ́gba sì jọ ra ṣọ́ọ̀kì pọ̀, kí iye owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Kí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 1935 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ti ń kó kòkó wọn jọ tà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Bí ẹ bá dé ilé, ẹ tẹ igun ọkọ̀ yín mọ́lẹ̀ kí ẹ wò ó. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa.