Ẹni Tí Ń Fi Iṣẹ́ Ṣe Ìtọ́jú

Bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá kọlu ènìyàn, oògùn lè dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ bí yóò ti tún máa wẹ̀, tí yóò máa wọṣọ, tí yóò sì máa dáná? Ẹni tí ń fi iṣẹ́ ojoojúmọ́ ṣe ìtọ́jú ni.

Ní Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ yege nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ní yunifásítì, yóò kọ́ nípa egungun, iṣan, ọpọlọ àti ìwà ẹ̀dá. Síbẹ̀, ìwé nìkan kò tó. Àjọ àgbáyé fún iṣẹ́ náà, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, là á sílẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lo wákàtí 1,000, ó kéré tán, lẹ́nu iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó. Lẹ́yìn èyí ni yóò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1988 gbé kalẹ̀.

Kí ni wákàtí wọ̀nyí wà fún? Sùúrù ni. Ọwọ́ tí ó rọ ni a kọ́kọ́ ń kì bọ apá aṣọ; aláìsàn fúnra rẹ̀ ni yóò sì kì í bọ̀ ọ́, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Aṣọ tí a bá bá a wọ̀ lónìí, a ó tún bá a wọ̀ lọ́la.