Gúdúgúdú Kì Í Dá Ṣeré: Iṣẹ́ Ọnà àti Ìwà Ọmọdé



Ta ni a kò tíì sọ fún rí nílé ìwé pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà? Ọmọ á mọ òwe náà sórí, á kọ ọ́ sínú ìwé, olùkọ́ á fún un ní máàkì. Lẹ́yìn náà, a óò ní kó fọwọ́ bo ìwé rẹ̀ kí ẹni tó jókòó tì í má baà rí i. Títí aago á fi lù, òun nìkan ni yóò máa dá iṣẹ́ ṣe. Níbo ni yóò ti wá rí ọwọ́ tí yóò fi sọ̀yà? Ohun tí mo bá wá síwájú yín ni pé iṣẹ́ ọnà lè kọ́ ọ, bí a bá fún un ní irú èyí tí ẹnì kan kò lè dá ṣe.

Ẹ wo ọ̀wọ́ ìlù dùndún. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun ni gbogbo èrò ń wò, òun ni wọ́n ń náwó fún. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí gúdúgúdú, ìlù kékeré olójú kan tí a ń gbé kọ́rùn, tí a ń fi awọ wíwé méjì lù. Kì í pa òwe, kì í ki oríkì. Ohun kan náà ló ń wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ bó bá yẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ìyáàlù á ṣìnà, oníjó á tàsé ẹsẹ̀. Nílé àwọn Àyàn, ìdí àwọn ìlù kéékèèké ni ọmọ sábà máa ń wà kó tó fọwọ́ kan ìyáàlù. Á ti gbọ́ ti ẹlòmíràn pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ tirẹ̀. Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ ìwà tó ju ìyẹn lọ fún ọmọdé. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni olórin kan, José Antonio Abreu, tẹ̀ lé ní Venezuela láti ọdún 1975: inú ọ̀kẹ́sítírà gan-an ni ọmọ ti ń kọ́ fáyólíìnì, láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìlù lè kọ́ ọmọ ní àjùmọ̀ṣe; ìbánikẹ́dùn ló ṣòro, nítorí a kò lè pàṣẹ fún ọmọ pé kí àánú ẹnìkejì ṣe é. Ibẹ̀ ni àlọ́ ti wúlò. Yánníbo ń wá ọmọ. Babaláwo se àsèjẹ fún un, ó kìlọ̀ fún Ìjàpá ọkọ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ìjàpá jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà, ikùn rẹ̀ wú. Bí a bá ń pa àlọ́ náà, ikùn yẹn ni gbogbo ọmọ máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹ wá sọ ọ́ di eré. Ẹ di aṣọ mọ́ ọmọ kan níkùn, kó ṣe Ìjàpá; kí ọmọ mìíràn jókòó sílé, kó ṣe Yánníbo; kí àwọn tó kù máa gbe orin. Wọ́n á jà, nítorí Ìjàpá ni gbogbo wọn fẹ́ ṣe. Kí olùkọ́ má tètè dá sí i. Kí wọ́n fẹnu ara wọn parí rẹ̀.

Bí wọ́n bá ṣe é tán, ẹ pààrọ̀ wọn, kí Ìjàpá di Yánníbo. Kí olùkọ́ bi í pé, “Nígbà tí o ń wọ̀nà tí ọkọ rẹ kò dé, kí lò ń rò?” Ẹ má bá a dáhùn. Ó lè dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó sì lè ní, “Mo rò pé bóyá ó ti ṣubú sí kòtò.” Kò sẹ́ni tó fi ìyẹn sínú àlọ́ náà fún un. Obìnrin tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ lójú ọ̀nà ló ń ṣàníyàn lórí ẹni tó ń jẹ ẹ́, ọmọ náà ló sì rò ó débẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ó ń dùn mí pé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts ti wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ wa, síbẹ̀ ojú pátákó ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń ṣe é. Ọmọ á da orúkọ ìlù kọ, kò ní fọwọ́ kan ìlù kankan. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé, ẹ yí ìdánwò náà padà. Kí wọ́n ṣeré pọ̀, kí wọ́n gba máàkì pọ̀, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá dìde sọ ohun tí ẹlòmíràn ṣe tó mú kí iṣẹ́ tirẹ̀ rọrùn. Ẹni tí kò bá rí nǹkan kan sọ, ẹ má nà án, ẹ má sì gé máàkì rẹ̀. Ẹ fún un ní ipò mìíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ tún bi í.